Ṣé kí n máa sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé mo gbàdúrà sí fìlà tí mo hun?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kàbà ni mo ń gbé. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun fìlà ọmọ tuntun. Bí ọwọ́ mi bá ti kan òwú báyìí, ọkàn mi á rọlẹ̀. Orin Dáfídì 121 ni mo máa ń kà sínú. Ẹsẹ 8 ló ní, ẹsẹ kan fún ìlà òwú kan, màá wá dárúkọ ìyá ọmọ. (Tí fóònù bá dún láàárín, ó parí, ojú òwú kan á jábọ́.) Ọmọ Bùnú, lágbègbè Kàbà níbí, ni ìyá ìyá mi, òfì ìnàró tí wọ́n gbé ti ògiri ló fi ń hunṣọ. Òun náà kì í hun ún kó má sọ nǹkan lábẹ́ẹnu.

Lóṣù tó kọjá, mo fún ìyàwó kan ládùúgbò ní fìlà, mo ní, "Àdúrà ni mo dì mọ́ gbogbo ojú òwú yìí." Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ ẹ̀ dá a padà nínú ọ̀rá, ó ní àwọn ò mọ ohun tí mo dì mọ́ ọn. Ó dùn mí, àmọ́ ká sọ òótọ́, èmi náà lè má gbà á. "Dì" yẹn ló bà á jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá ìkókó, ṣé kí n kàn dákẹ́ ni, àbí báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́? Fìlà tí wọ́n dá padà ńkọ́, ṣé mo lè fún ọmọ mìíràn?