Fílítà wo ló yẹ táǹkì omi iyọ̀ tí kò ní sump?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Táǹkì mi gba omi iyọ̀ lítà 120. Iyùn rírọ̀ mẹ́ta, ìyẹn ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun, àti ẹja clownfish méjì ló wà nínú rẹ̀. Kò sí àyè fún sump, ìyẹn táǹkì kejì tí wọ́n ń kó ohun èlò fílítà sí. Òkúta inú òkun tí bakitéríà ń gbé ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ fílítà, canister, ìyẹn fílítà onídèérí tó wà níta táǹkì, ń tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi lè pẹ́ kí n tó fọ fóòmù inú canister yẹn, nitrate, èròjà tó ń wá látinú ìdọ̀tí ẹja, á gòkè nínú omi. Láti àná ni iyùn kan ti ká ara jọ, kò tíì ṣí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ṣé kí n yọ canister, kí n fi protein skimmer tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn táǹkì, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi, rọ́pò rẹ̀? Àbí kí n lo méjèèjì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo skimmer, ariwo rẹ̀ ńkọ́? Yàrá tọ́mọ mi ń sùn ni táǹkì wà.