“Ìtẹ̀dó” kò bá fíìmù kábọ́ì mu

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n dábàá pé kí á máa pe àwọn fíìmù kábọ́ì ní “fíìmù ìtẹ́dó” ṣiṣẹ́ ọpọlọ, mo sì kí wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tún ohùn rẹ̀ ṣe: tẹ̀ ni, kì í ṣe tẹ́. Ẹní ni à ń tẹ́. Nínú “wọ́n tẹ ìlú dó”, ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìṣe ló sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ohùn àárín. Bí ìlú bá ti kúrò, ohùn ìsàlẹ̀ yóò padà.

Dó gan-an ló ń bí mi nínú. Dó inú ibùdó àti Ìdó jẹ́ ti ẹni tó rìn títí, tó sọ ẹrù kalẹ̀, tó sì dúró. Bàbá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n jẹ́ ọdẹ, kì í lo ọ̀rọ̀ yìí fún ibi tí èéfín ẹlòmíràn ti ń rú. Wọ́n á ní àwọn bá wọn gbé ibẹ̀ ni, tàbí pé àwọn gbà á lọ́wọ́ wọn.

Èéfín àwọn ọmọ ìbílẹ̀ bíi Lakota, Cheyenne àti Comanche ń rú ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà nígbà tí òfin ọdún 1862 yọ̀ǹda éékà 160 fún ẹnikẹ́ni tó bá kọ́lé síbẹ̀, tó dáko, tó sì lo ọdún 5. Ní Oklahoma, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1889, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúró de ìró ìbọn ọ̀sán gangan kí wọ́n tó sáré lọ gba ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ àwọn Creek àti Seminole, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ bákan náà. Eré sísá yìí ni fíìmù Cimarron ti ọdún 1931 fi hàn wá. Níbo ni dó wà níbẹ̀?

Ẹ tún wo fíìmù Shane, ti ọdún 1953. Ryker, olówó màlúù, ń lé àwọn àgbẹ̀ kúrò, ó ní òun àti irú òun ni àwọn kọ́kọ́ rí ilẹ̀ náà, tí àwọn sì sọ ọ́ di ilẹ̀. Starrett, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, dá a lóhùn pé àwọn ọdẹ onítàkúté àti àwọn tó ń bá ọmọ ìbílẹ̀ ṣòwò ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àríyànjiyàn ta ló tẹ̀ ẹ́ dó rèé nínú fíìmù fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pe ọmọ ìbílẹ̀ ní onílẹ̀!

Ẹnìkan yóò ní Odùduwà náà bá ènìyàn ní Ifẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn Mọrèmi kò jẹ́ kí orúkọ àwọn Ugbò tí wọ́n bá níbẹ̀ parẹ́ lẹ́nu wa. Ti fíìmù kábọ́ì kò rí bẹ́ẹ̀: nínú The Searchers, ti ọdún 1956, tí wọ́n yà ní Monument Valley lórí ilẹ̀ àwọn Navajo, ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn, àwọn Navajo ni wọ́n fi ṣe Comanche.

“Fíìmù ìgbalẹ̀” ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ ẹni tí kò bá fi àmì sí i yóò kà á sí ìgbálẹ̀, tàbí igbàlẹ̀ eégún. Ajagungbalẹ̀ ni mo fara mọ́. Ọ̀rọ̀ ààyè ni, gbogbo ẹni tó ra ilẹ̀ rí l’Ékòó mọ̀ ọ́n, ó sì gba Ryker, ó gba ìjọba, ó gba àwọn tó sáré ní Oklahoma. Àwọn kan ti ní èébú ni. N kò rí èébú níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni ọ̀rọ̀ náà sọ.