Ọyẹ́ ni àbí èéfín igbó? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n lórí sátẹ́láìtì?

omo_oke_oyi:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọyẹ́ o. Láti àárọ̀ ni kùrukùru ti bo gbogbo Ìlọrin, mo wá ṣí NASA Worldview, sáìtì tí wọ́n ń kó àwòrán sátẹ́láìtì sí, lórí fóònù, nǹkan kan bolẹ̀ títí dé Ìbàdàn lóòótọ́ ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá eruku ọyẹ́ ni àbí èéfín àwọn tó ń sungbó, ṣebí àsìkò kan náà ni méjèèjì ń dé. Màámi kì í lè mí dáadáa tí èéfín bá pọ̀ ni mo ṣe ń bèèrè. Báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀?

eye_oko:
Àwọ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Eruku máa ń pọ́n bíi yanrìn, èéfín ní tiẹ̀ a máa ṣe eérú-eérú. Lẹ́yìn náà tan àmì iná tó wà nínú Worldview yẹn, ibi tó bá ń jó á yọ pupa, tó o bá ti rí èéfín tó fà gbọọrọ látibẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí pupa tó wà nísàlẹ̀ ní Niger Delta dẹ́rù bà ẹ́ o, tibẹ̀ yẹn kì í sábà ṣe igbó, gáàsì táwọn elépo ń sun ni.

baba_meteo:
@eye_oko àwọ̀ nìkan ò tó jàre, tí méjèèjì bá ti dà pọ̀ ojú ò lè yà wọ́n. Ọ̀gá, lọ wo àwòrán eruku ti sátẹ́láìtì Meteosat lórí sáìtì EUMETSAT, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù tó ni ín, pínńkì ni eruku máa ń yọ níbẹ̀, tọ̀sán tòru, torí ooru ló ń wò kì í ṣe ìmọ́lẹ̀, kò sì ní ju ìṣẹ́jú 15 lọ kí òmíì tó dé. Sátẹ́láìtì Terra àti Aqua tó wà ní Worldview ò lè ṣèyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọmọ ni kálukú wọn ń kọjá lágbègbè wa. Èéfín kì í sì í sábà hàn nínú ẹ̀. Àmọ́ má wo Ìlọrin nìkan, tí eruku bá ti sọ̀ kalẹ̀ tí atẹ́gùn òkun fọwọ́ kàn án, pínńkì yẹn máa ń ṣá. Yí àwòrán náà padà sẹ́yìn bí ọjọ́ méjì mẹ́ta kó o wo Bodélé ní Chad, láàárín òkè Tibesti àti Ennedi, ibẹ̀ latẹ́gùn ti ń fún pọ̀ tó fi ń gbé eruku ọyẹ́ dìde.

unilorin_tele:
Látọdún 1998 ni ẹ̀rọ AERONET ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin tó ń tẹjú mọ́ oòrùn, ó lè sọ bóyá ohun tó wà lófuurufú tóbi bí eruku àbí ó kéré bí èéfín, àdàlù ló sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ti Màámi ni kó o bójú tó ná, òkè réré ni sátẹ́láìtì ti ń wò, kò mọ èyí tó wà nílẹ̀ tá à ń fà símú. Ẹ ti fèrèsé.

omo_oke_oyi:
Ẹ ṣé gan-an. Pínńkì ti bẹ̀rẹ̀ ní Chad látijẹ́ta lóòótọ́, àmọ́ pupa ti iná kún apá Kaiama ní Kwara náà o.

baba_meteo:
Méjèèjì lẹ̀ ń fà símú nìyẹn.