CNC mi ń já kúrò lára kọ̀ǹpútà bí mo bá ti tan spindle (mọ́tò tó ń yí irin ìfín)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ̀rọ CNC (ẹ̀rọ ìgé àti ìfín tí kọ̀ǹpútà ń darí), ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. CNC kékeré tí wọ́n ń pè ní 3018 ni mo fi ń fín igi. Arduino Uno (bọ́ọ̀dù ìdarí kékeré) tí GRBL 1.1 (ètò tó ń darí CNC) wà lórí rẹ̀ ló ń darí rẹ̀, pẹ̀lú CNC Shield (bọ́ọ̀dù tí a kì bọ orí Arduino), A4988 mẹ́ta (tó ń darí iná tó ń lọ sí mọ́tò) àti mọ́tò NEMA 17 (tó ń gbé ẹ̀rọ náà síwá sẹ́yìn).

Bí spindle bá wà ní pípa, X, Y àti Z (ìhà mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà ń rìn sí) ń lọ geere. Àmọ́ bí mo bá ti tan spindle (mọ́tò 775, 24V), kì í pé ìṣẹ́jú 3 tí USB á fi já bíi pé ẹnì kan fà á yọ. Irin ìfín á wá dúró sójú kan, á máa jó igi. Pátákó ìrókò mẹ́ta ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó dùn mí gan-an.

Mo ti fi okùn USB tó kúrú pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé A4988 X sí Y, kò yí nǹkan kan padà. Mo lo kọ̀ǹpútà lórí bátìrì nìkan: ó dín kù, kò tán. Kódà bí spindle bá ń yí lófìfo láìkan igi, ó ṣì ń já, nítorí náà kì í ṣe líle igi.

Páwà 24V kan ṣoṣo ló ń bọ́ spindle àti àwọn mọ́tò yòókù. Ẹni tó ti rí irú èyí rí, èwo ló yanjú rẹ̀ fún yín: kapásítọ̀ 0.1 µF (ẹ̀yà kékeré tó ń dín ariwo iná mọ́tò kù) tí a jó mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́tò 775, àbí páwà ọ̀tọ̀ fún spindle?