Iyèkan ni, kì í ṣe "ìdílé-abo": èsì lórí ìwé àwọn Lenape

Ẹ̀yin ará wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ka iṣẹ́ tí arákùnrin wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé kékeré tó ń kọ fún àwọn ọmọ iléèwé lórí àwọn Lenape, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo kí i kú iṣẹ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó ti pe ẹbí àwọn ènìyàn náà ní "ìdílé-abo", mi ò lè kà á lọ mọ́. Abo kẹ̀? Mo mọ abo ewúrẹ́, mo mọ abo adìẹ. Ta ló ń pe ìyá ẹlòmíràn ní abo? Lenape fúnra rẹ̀, ènìyàn ni ó túmọ̀ sí ní èdè wọn.

Ohun tó fẹ́ sọ kò ṣókùnkùn. Ìran mẹ́ta ni wọ́n: ti Ìjàpá, ti Ìkookò àti ti Tòlótòló. Ìran ìyá ẹni ni ìran ẹni. Bí bàbá rẹ bá jẹ́ Ìkookò, tí ìyá rẹ sì jẹ́ Tòlótòló, Tòlótòló ni ọ́, o ò sì gbọdọ̀ fẹ́ Tòlótòló bíi tìrẹ. Ọ̀nà ìyá náà ni oyè ń gbà láyé àtijọ́. Bí sakima, ìyẹn olórí wọn, bá wàjà, ọmọ ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ arábìnrin rẹ̀ ló ń bọ́ sípò rẹ̀. Ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí kò lè jẹ ẹ́, nítorí ìran ìyàwó rẹ̀ ló ni ọmọ yẹn.

Kí la ń pe irú ìbátan báyìí tẹ́lẹ̀? Ọbàkan ni ti bàbá, iyèkan ni ti ìyá. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀, a wá ń lọ gbẹ́ òmíràn láti inú ọgbà ẹran!

Àǹtí wa kan kọ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì pé "iyè" kì í ṣe ìyá, pé iyè la fi ń rántí nǹkan, àti pé ẹni tó bá ka "iyèkan" yóò rò pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dé Èkìtì. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Ìkọ̀lé kò pe ẹni tó bí i ní ohun mìíràn ju "iye mi" lọ títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Ẹ wo Iyemọja náà. Bí ohùn bá wálẹ̀ díẹ̀ nígbà tí "kan" dé ẹ̀yìn rẹ̀, ìyá náà ṣì ni.

Ọ̀gá mìíràn fi Jẹ́nẹ́sísì gbe ọ̀rọ̀ "abo" lẹ́sẹ̀: "akọ àti abo ni ó dá wọn". Bí a ṣe mọ ara ènìyàn ni ibẹ̀ ń sọ, kò sọ̀rọ̀ ẹbí rárá. Ẹni tó bá ti gbọ́ tí Yorùbá kan sọ pé "ẹbí abo mi ń ṣe ìnáwó" kó jáde wá.

Ọ̀rọ̀ "àgọ́ awọ" tó pe ilé wọn náà kò tọ̀nà. Láyé àtijọ́, àwọn ará pápá gbalasa níhà ìwọ̀-oòrùn ló ń fi awọ ẹran pàgọ́. Inú igbó ni àwọn Lenape wà nígbà náà, létí odò Delaware, ní ilẹ̀ tó di New Jersey, Manhattan àti ìlà-oòrùn Pennsylvania. Igi tútù ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ yíká, wọ́n á tẹ orí wọn wá pàdé, wọ́n á dì í pọ̀, wọ́n á wá fi èèpo igi fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, wọ́n á sì fi ihò sílẹ̀ lókè kí èéfín lè ráyè jáde. Wikëwam nìyẹn. Àwọn obìnrin ló ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé, odó igi ni wọ́n sì fi ń gún àgbàdo náà. Àgọ́ la máa ń tú ká. Ibi tí odó bá wà, ilé ni.

Ti Ìjàpá ló ń dùn mí jù. Àwọn kan nínú yín ní ká yí i sí "Ahun" kí àwọn ọmọ má baà máa rántí àlọ́. Ṣé ahun, tí a fi ń pe ẹni tó háwọ́? Lọ́dún 1679, lágbègbè New York, àgbà Lenape kan tí ń jẹ́ Tantaqué mú èédú, ó fi ya òbìrìkìtì sílẹ̀ níwájú Jasper Danckaerts, ará Netherlands. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, ó fi orí àti ìrù sí i. Ó ní omi ni gbogbo ayé tẹ́lẹ̀, kí ìjàpá tó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, tí omi ṣàn kúrò lára rẹ̀, tí ilẹ̀ sì gbẹ. Igi kan hù láàárín ilẹ̀ náà. Láti ara igi yẹn ni ọkùnrin ti yọ. Igi náà tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kanlẹ̀, obìnrin sì yọ níbẹ̀. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ, wọn yóò mọ̀ pé ìjàpá yìí kì í ṣe ọkọ Yánníbo.

Ẹni tó sì ní ká fi awó rọ́pò tòlótòló, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tòlótòló ti wá. Ẹyẹ wọn ni.

Ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, ni ẹni ìkẹyìn tó fi èdè Unami, ẹ̀ka kan nínú èdè Lenape, ṣe èdè abínibí kú sí lọ́dún 2002. Bí èdè wọn bá ń lọ, ó yẹ kí tiwa sọ̀rọ̀ wọn bó ṣe yẹ. Nítorí náà, arákùnrin, mo bẹ̀ ọ́, iyèkan Ìjàpá, iyèkan Ìkookò, iyèkan Tòlótòló ni kó o kọ síbẹ̀ kí ìwé náà tó dé ilé ìtẹ̀wé.