Ṣé kí n gba ẹ̀bi ohun tí mi ò ṣe, kí àlàáfíà lè wà?

Àbúrò Tó Ń Bèèrè
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń tọ́jú ìyá wa. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, owó oògùn Màmá kò pé, ẹ̀gbọ́n mi bá sọ fún gbogbo ẹbí pé èmi ni mo ná an. Mi ò fọwọ́ kàn án. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n kà á, wọn ò fèsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sílé wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, mò ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe kànkùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀ títí iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi kú.

Wọ́n wá ránṣẹ́ báyìí pé tí mo bá lè tọrọ àforíjì owó náà níwájú ẹbí, ọ̀rọ̀ ti parí. Hébérù 12:14 ní ká máa lépa àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo ènìyàn. Ó ti rẹ̀ mí. Ó ń ṣe mí bíi kí n kàn gbà pé èmi ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bẹ̀ ẹ́, jàre. Ẹ̀gbọ́n lẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Olúwa wa náà dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn án níwájú Pílátù.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi
Màmá, ẹ má bínú, mi ò bá yín lọ síbẹ̀. Jésù dákẹ́, àmọ́ kò sọ pé òun jẹ̀bi. Irọ́ ni wọ́n ní kí arábìnrin wa pa mọ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Éfésù 4:25 ní ká fi irọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá tún dín, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò?

Nínú Róòmù 12:18, Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ní “bí ó bá lè ṣe”, ó tún ní kó jẹ́ níwọ̀n tó wà ní ipá wa. Apá kan wà tí kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 26. Àwọn darandaran Gérárì bá Ísákì jà lórí kànga méjì. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ gbẹ́ ẹ̀kẹta, àmọ́ ó sọ méjì àkọ́kọ́ lórúkọ ìjà àti ìṣọ̀tá. Nígbà tí Ábímélékì, ọba Gérárì, wá bá a, Ísákì bi í lójúkojú pé kí ló gbé wọn wá nígbà tí wọ́n kórìíra òun. Ẹ̀yìn ìyẹn ló se àsè fún wọn. Ó sọ òótọ́, ó sì gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Arákùnrin Onísùúrù
Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún? Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ẹnì kan níbi iṣẹ́. Mo jàre, àmọ́ gbogbo ọ́fíìsì ni mo rò ó fún. Nígbà tó fẹ́ wá bá mi, ojú ò jẹ́ kó lè wá mọ́. Mátíù 18:15 ní kó kọ́kọ́ jẹ́ láàárín ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò Tó Ń Bèèrè
Ọ̀rọ̀ yín gún mi lọ́kàn. Mo ka iye àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún lálẹ́ àná: èèyàn méje. Mo tiẹ̀ fi rìsíìtì han aládùúgbò tí kì í ṣe ẹbí wa.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin
Olùkọ́, mo ti gbọ́. Ọmọ mi, má gba ohun tí o ò ṣe. Ṣùgbọ́n bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí o sọ lẹ́yìn rẹ̀, má sì fi “àmọ́ ẹ̀yin náà” kún un.

Àbúrò Tó Ń Bèèrè (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin)
Wọn ò gbé ìpè mi, mo bá gba ohùn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pa á rẹ́ torí “àmọ́” yẹn ṣáà ń yọ wọlé. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ kò tó ìṣẹ́jú kan: “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ná owó náà, mi ò sì lè sọ pé mo ná an. Ṣùgbọ́n mo ti sọ yín láìdáa fáwọn èèyàn. Ẹ dárí jì mí. Mò ń padà lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.” Ó ku mẹ́rin.

Wọn ò tíì fèsì. Àmọ́ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá lónìí, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń fi òróró ra ẹsẹ̀ Màmá. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti wọlé, wọ́n á jáde. Wọn ò jáde. Wọ́n na ike òróró sí mi, wọ́n ní kí n mú ẹsẹ̀ kejì.