Báwo la ṣe lè máa yẹ ẹ̀jẹ̀ màmá mi wò nítòsí ilé?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òmù-Àrán ni màmá mi ń gbé. Oríkèé ọwọ́ wọn méjèèjì máa ń wú. Láàárọ̀, ó máa ń ju wákàtí kan lọ kí ìka wọn tó ṣeé ká. Dókítà oríkèé ní Ìlọrin ní kì í ṣe làkúrègbé tí ọjọ́ orí ń fà, rheumatoid arthritis ni, ìyẹn àìsàn tí agbára tó ń dáàbò bo ara fi ń bá oríkèé jà. Oògùn methotrexate ni màmá mi ń lò, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, pẹ̀lú fítámì folic acid. (Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó gbọ̀dọ̀ máa lo methotrexate lójoojúmọ́ fún àìsàn yìí, ó léwu gan-an.)

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti ń ro àmàlà fúnra wọn. Àmọ́ ó gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé nítorí ó lè pa ẹ̀dọ̀ lára, ìrìn Ìlọrin sì ń ni wọ́n lára. Mo ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Tankẹ, n'Ílọrin, wọ́n kọ̀: ta ni yóò ṣọ́ ilé Bàbá? Aládùúgbò kan ní kí wọ́n fi àgbo rọ́pò oògùn náà. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí oríkèé tó bá ti bàjẹ́ kì í padà sípò.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, dókítà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn yìí ní Ọ̀fà, Ìgbàjà tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo: báwo lẹ ṣe ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítòsí ilé, tí èsì rẹ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ dókítà l'Ílọrin?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.